Ṣẹ́ńjì Ilé Yín Dà?

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, n kò sì lè pa á mọ́ra mọ́. Ní Ọjà Balógun, ẹni tó bá ra aṣọ ₦8,000, tó na ₦10,000 sí aláṣọ, kò ní kúrò níwájú ìsọ̀ yẹn láìgba ₦2,000 rẹ̀. Bí aláṣọ bá ní òun ò ní ṣẹ́ńjì, oníbàárà á dúró tì í, á pariwo, gbogbo ọjà á gbọ́.

Ẹ wá wo àwa kan náà yìí. Ẹlòmíràn fi ilé dógò ní báńkì nítorí ọjà. Ọjà kò tà, tàbí kí iná jó o, bí èyí tó jó ní Balógun ní oṣù kọkànlá ọdún 2019 àti oṣù kìíní ọdún 2020. Gbèsè di èyí tí kò ṣeé san, báńkì ta ilé ní gbàǹjo. Onílé á sorí kodò, á kó ẹrù rẹ̀ lóru, á ní, “Ilé ti lọ, kí ni mo tún ń wá?”

Kí lẹ tún ń wá kẹ̀? Ṣẹ́ńjì yín ni!

Ká ní gbèsè yín pẹ̀lú èlé jẹ́ mílíọ̀nù 20 náírà, tí wọ́n ta ilé ní mílíọ̀nù 50, tí ìnáwó gbàǹjo àti ti lọ́yà jẹ́ mílíọ̀nù 3. Mílíọ̀nù 27 ló ṣẹ́kù. Ta ló ni ín? Kì í ṣe báńkì, kì í ṣe onígbàǹjo, kì í ṣe mànéjà. Àfi bí ẹlòmíràn bá tún ti yá yín lówó lórí ilé kan náà, ẹ̀yin onílé lẹ ni ín. Bó bá sì jẹ́ ilé ẹbí, gbogbo ẹbí ló ni ín, kì í ṣe olórí ẹbí nìkan.

Èmi kọ́ ni mo dá èyí sọ. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1881, tí àwọn òyìnbó mú wọ ilẹ̀ wa, ti tò ó lẹ́sẹẹsẹ: ìnáwó títà ilé ṣíwájú, gbèsè àti èlé tẹ̀lé e, kí ìyókù padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ohun ìdógò. Kó tó dé ọwọ́ onílé, ohun àgbàtọ́jú ló jẹ́ lọ́wọ́ báńkì. Ṣé ẹni tí a fún lọ́mọ tọ́ lè sọ pé òun ló bí i?

Àwọn kan á ní, “Ṣebí ó jẹ gbèsè? Onígbèsè kò lẹ́nu ọ̀rọ̀.” Irọ́ ni! Iye tó jẹ ló jẹ. Láyé ìwọ̀fà pàápàá, ẹni tó bá ti san owó tán, ọmọ rẹ̀ á padà wálé. Olówó kì í mú owó kó tún mú ọmọ.

Ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, ìyá àgbà kan, Geraldine Tyler, jẹ owó orí ilé tó di nǹkan bíi dọ́là 15,000 pẹ̀lú èlé àti ìtanràn. Ìjọba ìbílẹ̀ ta ilé náà ní dọ́là 40,000, wọ́n sì gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ní 2023, nígbà tí màmá ti pé ẹni ọdún 94, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ fẹnu kò pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ìyókù owó rẹ̀.

Níbí, ohun tó ń pa wá ni ìtìjú. Wọ́n ta ilé bàbá aládùúgbò ìsọ̀ mi kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọdún mẹ́ta kọjá, kò tíì bèèrè iye tó tà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ojú ń tì mí.” Ojú tì ẹni tó ní ṣẹ́ńjì láti gbà, kò wá ti ẹni tó jókòó lé e!

Ẹ má sì dúró dìgbà tí ẹ máa fi rí ilé gbà padà. Láti 1973, nínú ẹjọ́ Eka-Eteh àti Nigeria Housing Development Society, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ti sọ pé bí ilé tilẹ̀ tà ní pọ́ọ́kú, ìyẹn nìkan kò tó láti yí títà rẹ̀ padà, àfi bí èrú bá wà níbẹ̀. Nítorí náà, owó tó ṣẹ́kù ni kí ẹ dì mú.

Ẹ kọ lẹ́tà sí báńkì. Ẹ bèèrè iye tí ilé tà, ọjọ́ tó tà, ìnáwó, gbèsè, èlé, àti iye tó ṣẹ́kù. Kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín pé àwọn gbà á. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ wá lọ́yà. Office of the Public Defender ti ìjọba Èkó ń bá tálákà rojọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ sì tètè ṣe é, torí ẹjọ́ tó bá pẹ́ jù, òfin lè tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Báńkì kì í gbàgbé kọ́bọ̀ tí ẹ jẹ ẹ́. Kí ló dé tí ẹ̀yin yóò fi gbàgbé mílíọ̀nù tó jẹ yín?