Ẹ Yẹ Igbà Wò Kí Ẹ Tó Gun Ọ̀pẹ

Gbólóhùn kan wà tó ti di àkọ́sórí lẹ́nu àwọn tó ń ra ṣíà láàárín wa: "Ṣíà tó bá ti ń gòkè láti oṣù mẹ́fà, kò séwu níbẹ̀. Ọjọ́ tó bá yíjú sílẹ̀, màá tà á kíá." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, lẹ́nu ìyá ọlọ́jà, lẹ́nu ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀. Irọ́ ni. Apá àkọ́kọ́ lábùkù, ṣùgbọ́n apá kejì, "màá tà á kíá," ló ń sọ onílé di ayálégbé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí àwọn tó ń sọ ọ́ ṣe ń mú ṣíà. Wọ́n á to gbogbo ṣíà orí àtẹ, wọ́n á sì sẹ́ ẹ bí ẹni sẹ́ gàrí. Èyí tí owó rẹ̀ bá ju ìpíndọ́gba igba ọjọ́ tó kọjá lọ, tó sì súnmọ́ iye tó ga jù láàárín ọdún kan, ni wọ́n ń mú. Èyí tó bá ń wó, wọ́n á dà á nù. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, n kò sì ní purọ́ mọ́ ọn. Ní 1993, Narasimhan Jegadeesh àti Sheridan Titman gbé ìwádìí jáde lórí ṣíà Amẹ́ríkà láti 1965 dé 1989. Wọ́n fi hàn pé àwọn ṣíà tó gòkè jù láàárín oṣù mẹ́ta sí méjìlá sábà máa ń ṣe dáadáa ju àwọn tó wó lọ nínú oṣù mélòó kan tó bá tẹ̀ lé e. Àmọ́ àwọn náà rí i pé apá kan lára èrè yẹn ń yọ́ dànù láàárín ọdún méjì tó tún tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá rí ọ̀nà jáde lásìkò ló ni èrè. Ní New York, tí òǹrajà pọ̀ bí eéṣú, ọ̀nà yẹn fẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló fẹ̀ l'Ékòó?

Lọ́jà tiwa, òfin kò gba ṣíà láàyè kó gòkè tàbí kó wó ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ lóòjọ́. Bí ilé iṣẹ́ kan bá kéré, tí àwọn díẹ̀ di ṣíà rẹ̀ mú ṣinṣin, òǹrajà díẹ̀ ti tó láti gbé owó rẹ̀ sókè dé ààlà. Lọ́la, bákan náà. Lọ́túnla, bákan náà. Lójú àwòrán, á dà bí àkàbà tó dúró gbọnrangandan, òun gan-an sì ni asẹ́ wọn máa kọ́kọ́ mú. Ẹ̀yin èèyàn mi, àkàbà yẹn kì í ṣe àmì agbára. Ohun tó ń sọ ni pé olùtà kò sí. Ọjọ́ tí gbogbo olùtà bá dé lẹ́ẹ̀kan, òǹrajà ni kò ní sí.

Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Ṣíà ₦100 tó ń gòkè ní ìdá mẹ́wàá lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá á di ₦259. Bó bá wá ń wó ní ìdá mẹ́wàá fún ọjọ́ mẹ́wàá mìíràn, kò ní padà sí ₦100. ₦90 ló máa bá yín délé.

Kì í ṣe àlọ́ ni mo ń pa. Ní oṣù Keje 2004, Soludo, gómìnà báǹkì àgbà Nàìjíríà nígbà náà, pàṣẹ pé kí owó ìdókòwò báǹkì kọ̀ọ̀kan kúrò ní bílíọ̀nù méjì náírà, kó di bílíọ̀nù 25, kí 2005 tó parí. Báǹkì 89 di 25. Kí àwọn báǹkì lè rí owó yẹn, wọ́n ta ṣíà fún gbogbo ayé, lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ń yá èèyàn lówó láti fi ra ṣíà. Owó yíyá gbé ṣíà sókè. Ṣíà tó gòkè di ohun ìdúró fún gbèsè tuntun. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta 2008, òṣùwọ̀n gbogbo ṣíà dé 66,371. Ní oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, kò pé 20,000 mọ́.

Nínú oṣù Kẹjọ 2008, àwọn aláṣẹ ọjà ní kí ṣíà má wó ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ lóòjọ́, àmọ́ kó lè gòkè dé ìdá márùn-ún. Wọ́n rò pé àwọn ń dá ìwó dúró. Ilẹ̀kùn ni wọ́n tì mọ́ wa. Ta ni yóò rà lónìí ohun tó mọ̀ pé yóò dínwó lọ́la?

Mo wà níbẹ̀. Owó tí mo yá lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ni mo fi ra ṣíà báǹkì kan. Fún bí ọdún kan, ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kó má fi nǹkan kún un. Nígbà tó yíjú sílẹ̀, mo ṣe ohun tí mo ti pinnu: mo buwọ́ lu ìwé pé kí wọ́n tà á. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì alágbàtà mi, akọ̀wé fi bírò tọ́ka sí kọ̀ǹpútà. Apá títà kún fọ́fọ́. Apá ríra ṣófo pátápátá. "Bọ̀dá," ó ní, "tèmi náà wà lórí ìlà yẹn." Nígbà tó fi máa kàn mí, owó ṣíà náà ti wó kọjá ìdajì. Gbèsè alájẹṣẹ́kù kò wó ní kọ́bọ̀.

Ẹnì kan á ní, "Ìyẹn ti kọjá, ọjà ti padà sípò." Lóòótọ́, ní 2023 ni òṣùwọ̀n náà tó tún kọjá 66,371. Ọdún 15 gbáko nìyẹn. Ní oṣù Kẹta 2008, dọ́là kan kò tó ₦120. Nígbà tí 2023 fi máa parí, ó ti ju ₦800 lọ. Ẹni tó gba náírà rẹ̀ padà kò gba owó rẹ̀ padà.

Ẹ má ju asẹ́ nù, àmọ́ ẹ má fi ṣe wòlíì. Ẹ wo iye ṣíà náà tó ń yí ọwọ́ lọ́jọ́ tí ọjà tutù. Bí ẹ bá ní 200,000, tó jẹ́ pé 20,000 ni wọ́n ń rà lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́wàá lẹ máa fi dúró lẹ́nu ọ̀nà, bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ ń tà. Ẹ bi ara yín bóyá èrè ilé iṣẹ́ náà ń gòkè pẹ̀lú owó ṣíà rẹ̀, àbí owó ṣíà nìkan ló ń dá gòkè. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má fi owó yíyá rà á.

Ẹ wo ẹni tó fẹ́ gun ọ̀pẹ. Bí ẹyìn tilẹ̀ pọ́n wẹ̀ẹ̀ lókè, ilẹ̀ ló ti máa kọ́kọ́ fa igbà rẹ̀ wò, torí igbà náà ló máa gbé e sọ̀kalẹ̀. Kí ẹ tó ra ṣíà kankan, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tà á fún yín: "Lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ tà, ta ni yóò rà á?" Bí kò bá rí ìdáhùn, ẹ fi owó yín sápò.