Ẹ Má Tíì Ra BIM, Ẹ Kọ́kọ́ Yí Bí Ẹ Ṣe Ń Gbéṣẹ́ Ilé Fúnni Padà

Tẹ́ ẹ bá gba ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú láti Àkúrẹ́ wọ Ọ̀bà-Ilé, ilé tuntun ló wà lọ́tùn-ún lósì. Bíríkìlà á rẹ́ ògiri tán, á dán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, pọ́ńbà á gbé òòlù dé, á máa fọ́ ọ kí páìpù lè rọ́nà gbà. Oníná náà ń bọ̀ wá fọ́ tiẹ̀. Ta ló ń sanwó rẹ̀? Onílé ni.

Ohun tí wọ́n ń pè ní BIM lè gbà wá lọ́wọ́ èyí. Kì í ṣe àwòrán tó rẹwà lásán o. Ilé gan-an ni wọ́n ń kọ́ sínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sún fèrèsé, iye búlọ́ọ̀kù á yí padà fúnra ẹ̀. Tí páìpù bá fẹ́ gba inú òpó kọjá, wọ́n á rí i nígbà tí àtúnṣe rẹ̀ ò tíì náni ní sìmẹ́ǹtì kankan.

Kí ló wá dé tá ò lò ó? Ọ̀pọ̀ á ní ó wọ́n, iná ò sí. Mi ò gbà pé ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Autodesk ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Revit lọ́fẹ̀ẹ́; ọ̀fẹ́ ni Bonsai fún gbogbo ayé. Bá a ṣe ń gbéṣẹ́ fúnni ló ń dí i lọ́wọ́. Ayàwòrán ilé á parí tiẹ̀, á jù ú sí ẹnjiníà, ẹnjiníà á jù ú sí ẹni tó ń ṣírò owó, agbaṣẹ́ṣe ló ń dé gbẹ̀yìn. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2007 sì ní kí iṣẹ́ ìjọba lọ sọ́wọ́ ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù nínú àwọn tó kúnjú ìwọ̀n. Ẹni tó bu owó kékeré gbaṣẹ́, ibo ló ti máa rí èrè? Ó di kó máa wá àṣìṣe nínú àwòrán: èyí ò bára mu, ẹ fowó kún un. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ á fẹ́ àwòṣe tó ti tú gbogbo ẹ̀ síta?

Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Terminal 5 ní Heathrow, London, BAA tó ni pápákọ̀ náà nígbà yẹn gbé ewu iṣẹ́ sórí ara rẹ̀, owó tó bá ṣẹ́ kù, wọ́n jọ pín in, wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́ lórí àwòṣe kan náà. Wọ́n ṣí i ní 2008. (Ẹrù èrò há lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyẹn tún dọ̀rọ̀ míì.) Ó di 2016 kí ìjọba Britain tó sọ BIM di dandan fún iṣẹ́ tirẹ̀. Àjọṣe ló ṣáájú òfin. Ọ̀wẹ̀ náà kúkú la fi ń mọlé nílẹ̀ yìí nígbà kan.

Mi ò ní kí ìjọba Òǹdó ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo ní Ọ̀bà-Ilé tó. Kí wọ́n pe ayàwòrán, ẹnjiníà, agbaṣẹ́ṣe, pọ́ńbà àti oníná jókòó kí ẹnikẹ́ni tó fa ìlà, kí wọ́n sì sanwó ìjókòó yẹn fún wọn. FUTA ò jìnnà. Akẹ́kọ̀ọ́ wọn lè bójú tó àwòṣe náà.

Kí àdéhùn sì sọ ẹni tó ni àwòṣe yẹn tílé bá parí. Lójú tèmi, ilé ẹ̀kọ́ ni. Lọ́dún mẹ́wàá sí i, tómi bá ń jò, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ló máa fẹ́ mọ ibi tí páìpù gbà.