Ewúrẹ́ Tí a Fẹ́ Fi Hàn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, tí ẹ ń múra láti fa ewúrẹ́ yín lọ síbi ìpàtẹ ẹran ọ̀sìn, kí ẹni tí yóò fà á jẹ́ ẹni tí ń bọ́ ọ nílé. Onídàájọ́ yóò fẹ́ wo eyín rẹ̀, ewúrẹ́ kì í sì í la ẹnu fún àlejò.

Ọ̀ràn ọmú ni ó ká wa lára jù. Ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa kò ní wàrà púpọ̀. Ìwọ̀nba tí ó ní, àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó ni ín. (Ewúrẹ́ pupa ti Ṣókótó sàn jù bẹ́ẹ̀.) Síbẹ̀ a ti rí ọmọkùnrin kan tí ó so àwọn ọmọ ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti alẹ́ tí ó ṣáájú ìpàtẹ, kí ọmú ìyá wọn lè tóbi lójú onídàájọ́. Ẹran náà ya ẹsẹ̀ rìn wọlé, ọmú rẹ̀ le bí òkúta. Irọ́ ni, ìkà sì ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ìdíje wàrà bá kù ọ̀la, wọn a fún ọmú gbogbo ewúrẹ́ gbẹ ní ìrọ̀lẹ́ níṣojú ẹlẹ́rìí, kí wọn tó wọn wàrà wákàtí 24. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ewúrẹ́ mu ọmú ní òwúrọ̀ ìpàtẹ.

Abẹ́rẹ́ àrùn PPR, tí wọ́n ń ṣe ní Vom, ẹ gbà á fún un ṣáájú. Èyí tí imú rẹ̀ bá ń ṣomi, ilé ni kí ó wà, bí òun tilẹ̀ ni ó lẹ́wà jùlọ nínú agbo.