Ihò Eléérú Ni Kí Oǹdó Náwó Fún

Lọ́dún 1938 ni D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, níbi tí àwọn ọdẹ ti la igbó ẹ̀rù kọjá lọ sí ìlú Òkè Láńgbòdó. Àròsọ ni, a sì ń gbádùn rẹ̀ títí dòní. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá gbé irú ìlú bẹ́ẹ̀ sọ́kàn, tó wá ń fi ẹsẹ̀ wá a kiri. Percy Fawcett, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ igbó Brazil lọ́dún 1925, ó ń wá ìlú tó pè ní Z. A kò gbúròó òun, ọmọ rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ mọ́. Leo Frobenius ará Jámánì dé Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1910, ó rí ère amọ̀ àti orí idẹ tí wọ́n pè ní ti Olókun, ló bá kéde pé Atlantis, ìlú inú ìtàn Gíríìkì tó rì sínú òkun, lòun rí. Baba ńlá ẹni ló ṣiṣẹ́, àjèjì ló gba ìyìn. Bí Ìpínlẹ̀ Oǹdó bá fẹ́ náwó sórí ìwákiri inú igbó, ọwọ́ awalẹ̀pìtàn ló yẹ kí owó náà bọ́ sí.

Ẹ wo Ihò Eléérú, abẹ́ àpáta kan nítòsí Ìsàrun, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Lọ́dún 1965, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ wa ilẹ̀ abẹ́ àpáta náà. Wọ́n bá egungun ènìyàn tó ti lo ohun tó lé ní 11,000 ọdún nínú ilẹ̀, pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n là kí ẹnu rẹ̀ lè mú. Agbárí náà gùn, òkè rẹ̀ sì tẹ́. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní ó jọ ti àwọn tó gbáyé ṣáájú rẹ̀ fíìfíì. Ní 2023, ìwádìí tuntun fi hàn pé igbó ló yí àwọn tó gbé ibẹ̀ ká. Ẹni tó ń wá ìlú àròsọ ì bá gba ẹ̀gbẹ́ ihò náà kọjá.

Àwọn kan á ní àròsọ ló ń fa àlejò, egungun kò lè fà á. Òkè Ìdànrè ní Oǹdó ti dá wọn lóhùn. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni àlejò ń gùn lọ wo àfin Ọwá àti ilé ẹjọ́ àtijọ́, ní ìlú gidi tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí òkè náà. Àwọn mìíràn á ní kò yẹ ká fi ọkọ́ hú igbó àwọn baba wa. Òótọ́ ni, àmọ́ awalẹ̀pìtàn tó mọṣẹ́ a máa gbàṣẹ lọ́wọ́ ọba àti onílẹ̀, ìwọ̀nba ilẹ̀ ló ń wà, á sì kọ gbogbo ohun tó bá bá sílẹ̀. Awáṣúra kì í gbàṣẹ, kì í sì í kọ nǹkan kan. Ní ti ẹni tó ní ebi ló ń pa ará ìlú, a kò béèrè owó ńlá: kí ìjọba fi ẹ̀ṣọ́ sí Ihò Eléérú, kó tún ọ̀nà ibẹ̀ ṣe, kó sì jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá bá awalẹ̀pìtàn ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Oǹdó, ẹ bi àwọn aṣòfin yín léèrè èyí kí wọ́n tó ṣe ètò ìṣúná tó ń bọ̀.