Owó Abacha Láti Switzerland: Ọrẹ Kọ́, Ìdápadà Ni

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Òwe yìí sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Èsìẹ́ kọ ọ́ nínú àròkọ pé Switzerland ṣàánú àwọn tálákà Nàìjíríà.

Kí ni àánú náà? Lẹ́yìn ikú Ọ̀gágun Sani Abacha ní 1998, a bá owó ìlú rẹpẹtẹ ní àwọn báǹkì Switzerland. Nǹkan bí 500 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n dá padà ní 2005 sí 2006. Ní 2017, wọ́n tún ṣàdéhùn láti dá nǹkan bí 321 mílíọ̀nù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀ padà, kí a máa pín in fún àwọn aláìní, 5,000 náírà lóṣù fún ìdílé kan, lábẹ́ àbójútó Báǹkì Àgbáyé. Kí owó yìí tó dé, Kwara ti wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ètò ìpínwó náà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2016.

Lóòótọ́, orílẹ̀-èdè kékeré yìí gbìyànjú. Àbójútó tí wọ́n so mọ́ owó náà sì jẹ́ ìtìjú fún àwa fúnra wa. Síbẹ̀, ẹni tó dá ẹrù ẹlẹ́rù padà kò ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, bí ẹ bá dé kíláàsì, ní Òmù-Àrán tàbí ibòmíràn, ẹ má ṣe pe ìdápadà ní ìrànwọ́. Ọmọ tí a kọ́ láti máa dúpẹ́ nítorí ohun ìní rẹ̀ kò ní mọ bí a ti ń bi ẹni tó kó o lọ léèrè.