Ẹsẹ̀ Kẹ̀kẹ́ Tó Dọ̀tí, Ọ̀rọ̀ Ló Ń Sọ

Láti ayé Buba Marwa, tó ṣe gómìnà ológun l'Ékòó láàárín 1996 sí 1999, táwọn èèyàn ti ń forúkọ ẹ̀ pe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀pọ̀ bàálé ilé ló ń tibẹ̀ jẹun. Wọ́n á lẹ sítíkà mọ́ iwájú ẹ̀, wọ́n á nu díńgí títí á fi máa dán. Ṣùgbọ́n ẹ wolẹ̀, kẹ́ ẹ wo ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà. Ẹrọ̀fọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣì wà níbẹ̀!

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wọ kẹ̀kẹ́ n'Ìkòròdú. Kàkà kí bàbá tó ni ín gbéra, ńṣe ló bẹ̀rẹ̀ sídìí táyà ẹ̀yìn, tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Ìyá kan tá a jọ jókòó fìbínú sọ̀rọ̀: "Bàbá oníkẹ̀kẹ́, ṣé ẹ fẹ́ gbé wa ni àbí ẹ fẹ́ fọṣọ? Ọjà ti ń kún o!"

Bàbá ní, "Ẹ máà bínú, màmá. Ẹ wá wo nǹkan."

A yọjú. Ìlà pupa kan ti ṣàn jáde lábẹ́ nọ́ọ̀tì, bí omi osùn. Bàbá ki sípánà bọ̀ ọ́, nọ́ọ̀tì yí wẹ́rẹ́. Ó ti tú! Ìyá ọlọ́jà ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ká ní ẹrọ̀fọ̀ ṣì bò ó ńkọ́?

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ nìyẹn. Fífọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kì í ṣe oge. Irin ni rímù ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọ̀dà ni wọ́n fi bò ó. Tí òkúta bá ha ọ̀dà náà, omi á ráyè, irin á dógùn-ún. Ẹrọ̀fọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn kì í jẹ́ kó tètè gbẹ. Etí òkun tún wá burú jù, nítorí iyọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ṣíwọ́ lálẹ́, ẹ jẹ́ kí rímù tutù ná. Ẹ da omi sí i kí ẹrọ̀fọ̀ lè rọ̀, kẹ́ ẹ tó fi omi ọṣẹ àti fọ́ọ̀mù fọ̀ ọ́. Ẹ máà fi irin fọkòkò ha á, ọ̀dà lẹ máa hó. Ẹ ṣàn án, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ. Ibi tí ọ̀dà bá ti bó, ẹ fi sándípépà ha ìpẹtà kúrò, kẹ́ ẹ kùn ún padà. Ṣùgbọ́n ẹ máà kun ojú ibi tí nọ́ọ̀tì ń jókòó lé ní àkùnnípọn, torí nọ́ọ̀tì lè tú níbẹ̀. Tó bá ti gbẹ dáadáa, ẹ fi wáàsì tí wọ́n fi ń pa ara mọ́tò pa á díẹ̀, ìdọ̀tí ò ní tètè lẹ̀ mọ́ ọn.

Àwọn kan máa ń fi dísù tàbí kẹrosíìnì nu táyà, kó lè dúdú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́! Rọ́bà ló ń bà jẹ́. Tó bá sì wọ ilé bíréèkì, bíréèkì ò ní mú mọ́. Kódà omi lásán lè ṣe bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ rọra wà á, kẹ́ ẹ máa tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa mú, kẹ́ ẹ tó gbé èrò.

Tẹ́ ẹ bá wá rí i tí inú rímù tutù, tó ń yọ̀ bí ọ́ìlì, ẹ máà nù ún kẹ́ ẹ máa lọ. Ó lè jẹ́ omi bíréèkì ló ń jò. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ló kàn.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ̀yin èrò náà, tí oníkẹ̀kẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sídìí táyà láàárọ̀, ẹ máà kánjú pariwo lé e lórí. Ẹ̀mí gbogbo wa ló ń fọ̀ yẹn o.