Kòkòrò Tó Ń Jẹ Obì

Bí òwò ẹnìkan bá dẹnu kọlẹ̀, tàbí tí àṣírí ilé kan tú síta, òwe tó kọ́kọ́ máa ń wá sí wa lẹ́nu ni pé kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Kíá ni ojú á ti dé ara ẹbí: ta ló ṣe é, orogún ni àbí ọmọ ìyá? N kò sọ pé ìtumọ̀ yẹn kò sí nínú òwe náà. Ṣùgbọ́n ó dà bíi pé a ti jẹ́ kí ìfura gba òwe yìí mọ́ àwọn olóbì lọ́wọ́. Ẹni tó ń ta gbànja ní Ṣàgámù kì í torí pé ara obì ń dán kó wá gbà pé ó dára. Ó mọ̀ pé kòkòrò ti lè yé ẹyin sínú rẹ̀ kó tó kúrò lóko. Nítorí náà á ṣà á, á fi ewé dì í sínú apẹ̀rẹ̀, tó bá ṣe díẹ̀ á tún tú u, á tún un ṣà. Òwe àyẹ̀wò lòwe yìí lọ́wọ́ tirẹ̀.

N kò mọ ibi tí òwe náà ti bá ọ̀rọ̀ mu tó ti wáyà tí àwọn dókítà ń fi sínú ọkàn ènìyàn. Ẹ̀rọ ọkàn oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni pacemaker, tó ń ran ọkàn tó ń lù ṣégeṣège lọ́wọ́. Èkejì ń ṣọ́ ọkàn ni: bí ọkàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n pìtìpìtì tí kò lè ti ẹ̀jẹ̀ jáde mọ́, á fi iná ta á kó lè padà sípò. Ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi irú èyí sára ènìyàn ní oṣù kejì ọdún 1980, láti ọwọ́ Michel Mirowski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Abẹ́ awọ àyà, nísàlẹ̀ èjìká, ni wọ́n ń tẹ́ ẹ̀rọ náà sí. Wáyà tó ti ara rẹ̀ jáde á gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọnú ọkàn.

Bátìrì làwọn èèyàn máa ń béèrè. Ọdún mélòó ni yóò lò? Ṣé wọ́n á tún la àyà nígbà tó bá tán? Wáyà kọ́ ni wọ́n ń bi dókítà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ jókòó jẹ́jẹ́ sábẹ́ awọ ní tirẹ̀, wáyà ni kì í sinmi. Ọkàn ń lù ní nǹkan bí ìgbà 100,000 lójúmọ́, gbogbo ìgbà tó bá sì lù ni wáyà á tẹ̀ tí á tún nà.

Wáyà kan wà tí ilé iṣẹ́ St. Jude Medical ní Amẹ́ríkà ṣe, Riata lorúkọ rẹ̀. Sílíkónì ni wọ́n fi bo ara rẹ̀, àwọn okùn irin tín-ín-rín sì gba inú ihò tó wà láàárín sílíkónì náà. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣọ́ ni kí ohun kan má fi òde ha á: bóyá eegun, bóyá ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Òde kọ́ ni ewu ti wá. Bí ọkàn ṣe ń lù ni àwọn okùn irin inú náà ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, tí wọ́n ń rẹ́ sílíkónì láti inú díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi lu ú jáde sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Nínú X-ray, okùn irin á hàn kedere níta ara wáyà. Ohun tó tilẹ̀ dẹ́rù bani jù ni pé bí wọ́n bá fi kọ̀ǹpútà yẹ ẹ̀rọ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ wò, nígbà mìíràn gbogbo nǹkan á dára. Ara obì ń dán.

Bí ó bá wá bàjẹ́ tán, ọ̀nà méjì ni. Ẹ̀rọ lè gba ariwo wáyà sí ọkàn tó ń ṣe wèrè, kí iná máa gbé ẹni tó jókòó tó ń jẹun, léraléra, pẹ̀lú ojú rẹ̀ méjèèjì. Tàbí kí ọjọ́ tí ọkàn nílò iná náà gan-an dé, kí iná má wá. Ní oṣù kejìlá ọdún 2010 ni ilé iṣẹ́ náà dáwọ́ títa Riata dúró. Ọdún kan lẹ́yìn náà, FDA tó ń ṣàmójútó oògùn àti irinṣẹ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà fi ọ̀rọ̀ náà sí ìpele kìíní nínú ètò ìdápadà ọjà, ìyẹn ìpele ohun tó lè ṣekú pani. Ó ti tó 227,000 tí wọ́n ti tà káàkiri àgbáyé. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ dá ohun tó wà nínú ọkàn rẹ̀ padà?

Kí ti Riata tó ṣẹlẹ̀ ni ti Sprint Fidelis, wáyà ilé iṣẹ́ Medtronic tó jáde lọ́dún 2004. Tín-ín-rín ni, kò ju mílímítà 2.2 lọ, àwọn dókítà sì fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ó rọrùn láti tì bọ inú iṣan. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Dókítà Robert Hauser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Minneapolis ló rí i pé ó ń já ju bó ṣe yẹ lọ, tí wọ́n sì kọ ọ́ jáde lọ́dún 2007. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni wọ́n kó o kúrò lọ́jà, lẹ́yìn tó ti wọ ara nǹkan bí ènìyàn 268,000. Wọn kò dán an wò lára ènìyàn kó tó dé ọjà. Òfin gbà wọ́n láyè: wáyà àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe ni wọ́n kà á sí, kì í ṣe tuntun. Lójú tèmi, inú ìwé àṣẹ yẹn ni kòkòrò náà ti kọ́kọ́ yé ẹyin. Àwọn tó rí i kì í sì í ṣe àwọn tó fọwọ́ sí i. Àwọn tó ń ka iye tó já, tí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, ni.

Ẹni tó bá gbọ́ báyìí á ní kí wọ́n yára yọ ọ́. Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Lọ́dún 1994 ni àṣírí wáyà Accufix ti ilé iṣẹ́ Telectronics tú: irin kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ kó tẹ̀ kọdọrọ, irin yìí lè kán, kó lu ara wáyà jáde, kó sì gún ọkàn. Jìnnìjìnnì mú gbogbo ènìyàn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á yọ. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ tán, àwọn tí yíyọ pa pọ̀ ju àwọn tí irin náà fúnra rẹ̀ pa lọ. Ohun tó fà á ni pé bí wáyà bá ti pẹ́ nínú ara, ẹran ara á hù bò ó, á sì so ó mọ́ iṣan àti ọkàn, tí ẹni tó bá fà á lè fa ọkàn ya. A kì í sábà ronú dé ìhà yìí nínú òwe wa: bí kòkòrò bá wà nínú obì, ọ̀bẹ tó ń wá a obì náà ló máa gé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ fún ọ̀pọ̀ àwọn tó gbé Riata pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè.

Àyẹ̀wò náà kò sì ṣeé ṣe bí a kò bá mọ ohun tí à ń yẹ̀ wò. Káàdì kan wà tí wọ́n máa ń fún aláìsàn, tí orúkọ ẹ̀rọ àti orúkọ wáyà máa ń wà nínú rẹ̀. Bí ìyá tàbí bàbá ẹni bá ti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston gba ẹ̀rọ ọkàn kó tó padà sí Ìbàdàn, lẹ́tà ìkìlọ̀ tó bá jáde lọ́dún mẹ́fà sí i, àdírẹ́sì ọ̀hún ni yóò lọ. Káàdì tó wà nínú àpótí aṣọ ni dókítà tibí máa bi wọ́n.

Ní báyìí, wọ́n ti ń ṣe pacemaker tí kò ní wáyà rárá. FDA fọwọ́ sí ọ̀kan lọ́dún 2016, Micra, tí kò ju hóró oògùn ńlá kan lọ, tí odindi rẹ̀ ń gbé inú ọkàn. Ti wáyà tó ń já tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ náà yóò tán lọ́jọ́ kan, ẹran ara á sì ti hù bo òun náà. Ṣé kí wọ́n yọ ọ́ nígbà yẹn ni, àbí kí wọ́n fi òmíràn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́?